Ọmọ Maren Afúnwàrà

Ní agboolé tí wọ́n ti bí Akínlóyè ní Ìrágbìjí, wọn kì í fi aago jí ọmọ. Ìyá rẹ̀ a dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, a gbé ọwọ́ lé òpó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, láti orí ẹni tó tẹ agboolé dó títí kan òun ọ̀lẹ tó faṣọ borí lórí ẹní. Kò sí oorun tó lè dúró níwájú oríkì. Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó gbà á síṣẹ́ ní Manchester rán an lọ sọ́dọ̀ Mama Else ní Crumpsall, tí ìyá náà kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní dìde lórí ibùsùn, tí ọ̀sẹ̀ kan fẹ́ di méjì, ohun tí wọ́n ń ṣe fún un nílé ni òun náà ṣe. Ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó gbọ́wọ́ lé férémù, ó sì ké sí i.

Oríkì wo ni èèyàn fẹ́ fi kì òyìnbó ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún? Tirẹ̀ ló yá a lò.

“Ọmọ agbé-iṣu-gbóná-sí-fìlà,
Iṣu ń jó o lágbárí, kò ké,
Ó ní ẹ ò rí i bí oòrùn òní ti mú!”

Mama Else la ojú kan. “Kí lò ń sọ yẹn?”

Akínlóyè fi òyìnbó ṣàlàyé fún un. Ní ọdún ìyàn kan, baba ńlá òun yọ iṣu nínú iná olóko, ó fi sínú fìlà, ó dé e mọ́rí. Kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé ẹni tó ni iṣu. Olóko bẹ̀rẹ̀ sí í kí i: ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, àwọn ewúrẹ́ ńkọ́? Baba ń dáhùn, iṣu ń jó o, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ní oòrùn ni.

“Ṣé olè yín lẹ wá ń fi kọrin?”

“À ń fi í jó pàápàá, Mama. Bí a bá yọ olè yẹn kúrò, ta ló kù tó bí wa?”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, tó ní kí wọ́n mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ òun wá.

Kì í ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ni Akínlóyè bá wá sílùú òyìnbó. Ìtàn ló kà ní Ifẹ̀, ó tún wá kà á sí i ní yunifásítì tó wà ní Oxford Road, ó ń rò pé ilé kan tí wọ́n ti ń pa ìwé àtijọ́ mọ́ yóò gba òun síṣẹ́. Kò sí èyí tó gbà á. Ilé-iṣẹ́ arúgbó ló ní òun lè fún un ní sponsorship, ìyẹn ìwé tó so físà rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Bí iṣẹ́ bá já, ọgọ́ta ọjọ́ péré ló ní láti fi wá èèkàn mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sílé. Ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ sì ni. Kí tram tó gbé e láti Victoria dé Crumpsall, ó ti tú gbogbo àdììtú inú ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ tán. Bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní mọ́ínmọ́ín eléwé, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣẹ́ ewé náà ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó rántí pé ebi ń pa òun.

Mama Else jẹ́ àdììtú fún un. Ilẹ̀ Denmark ni wọ́n ti bí i, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Ravnemose, ilé àwọn Gyldenbro. Ẹnjiníà kan, ọmọ Manchester, ló fẹ́ ẹ wá síbí ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọkùnrin náà ti kú. Henrik, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé lẹ́yìn ìlú nínú ilé tí géètì rẹ̀ ń dá ṣí ara rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló sì ń yọjú. Ṣùgbọ́n Ravnemose ò fi ìyá náà sílẹ̀. Ó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Crumpsall: ilé funfun, òrùlé pupa, omi tó yí i ká ní ìhà mẹ́ta, igi tó tò bí ẹ̀ṣọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà. Àwòrán àwọn tó ti jẹ ilé náà láti irinwó ọdún tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá tẹ̀lé bàbá.

Ulrik, ọmọ ẹ̀gbọ́n Mama Else, ló wà nínú ilé náà báyìí. Òun àti Henrik ń múra láti ṣí i fún àwọn àlejò tó ń san owó wòran, Henrik sì ń kọ ìwé kan tó ní láti irinwó ọdún, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń jẹ ilé yìí láìjá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òfin ìdílé wọn ni pé ọmọ tí ìyàwó ilé bá bí nìkan ló lè jogún, ẹ̀ka ẹbí kejì sì wà ní Copenhagen tó ti ń wá àléébù kiri láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹni tó bá ń dúró de arúgbó lẹ́nu ilé ìwẹ̀ kì í ṣaláìní àkókò. Mama Else ní òun lè dá wẹ̀, kí Akínlóyè ṣáà dúró síbi tí òun ti lè pè é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń dúró sí. Àwọn Gyldenbro ń wò ó, òun náà ń wò wọ́n. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rí nǹkan kan.

Frederik, bàbá bàbá Mama Else, ní ìdì irun funfun kan níwájú orí, bí ẹni tí wọ́n ta ẹfun sí. Bàbá Mama Else ní in. Mama Else náà ní in nínú fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀, kí orí tó funfun tán. Henrik ńkọ́? Henrik a máa kun irun. Akínlóyè ti ṣàkíyèsí pé iwájú orí ọ̀gbẹ́ni náà dú ju ìpàkọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ní in nínú àwọn tó ṣáájú Frederik. Bàbá Frederik kò ní in, ìyá rẹ̀ tó jókòó sórí àga bí ère náà kò ní in. Níbo ló ti wá?

Fọ́tò ńlá kan wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, èyí tí wọ́n yà níwájú Ravnemose láyé àtijọ́, àwọn onílé níwájú, àwọn ìránṣẹ́ lẹ́yìn. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó wà níwájú sábẹ́ rẹ̀ toyè toyè. Ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá, obìnrin kan gbé garawa dání, ìborí rẹ̀ ti sún sẹ́yìn díẹ̀. Akínlóyè fi fóònù ya ibẹ̀, ó sì fẹ̀ ẹ́. Irun funfun náà nìyẹn níwájú orí, níbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó fi títa ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kó gbogbo ọmọ ayò.

“Mama, ta ni obìnrin tó gbé garawa yẹn?”

Tíì tutù lọ́wọ́ Mama Else kó tó dáhùn. “Maren ni,” ó ní. “Òun ló ń fún wàrà màlúù wa.”

Ó wá sọ ọ́, ó ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tó ń kà á lára òjò. Ìyàwó ilé kò rọ́mọ bí, olówó ilé sì mọ ọ̀nà ilé màlúù. Nígbà tí oyún Maren yọ, wọ́n tì í mọ́ yàrá òkè, ìyàwó ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìrọ̀rí mọ́kùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Frederik, wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Maren ti padà sídìí màlúù.

“Wọn ò lé e lọ?”

“Ọmọ nílò ọmú. Ogójì ọdún ló lò níbẹ̀. Frederik á gẹṣin dé, á ní, ‘Maren, ṣí géètì.’ Maren á ṣí i.”

“Frederik ò mọ̀?”

“Ta ni yóò sọ fún un? Ìyàwó rẹ̀, ìyá mi àgbà, ni Maren sọ fún nígbà tó fẹ́ kú. Ìyá mi àgbà náà sọ fún mi nígbà tó kàn án.” Ó gbé ife kalẹ̀. “Báyìí ó ti ń kàn mí.”

Akínlóyè ti ka ogun, ó ti ka ọ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń pe ìyá tó bí i lórúkọ gán-án, tí ìyá sì ń sáré jẹ́ ẹ, kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Nínú tram tó ń gbé e lọ sílé, kò fọwọ́ kan àdììtú kankan. Oríkì ló ń tò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn:

“Else, ọmọ Gyldenbro,
Ọmọ ilé funfun tó fi omi ṣọgbà,
Ọmọ irinwó ọdún lórí àga kan náà.
Ọmọ Maren afúnwàrà,
Ọmọ abímọ-má-lè-pè-é-lọ́mọ.
Ó fún wàrà màlúù láàárọ̀, ó fún tara rẹ̀ lálẹ́.
Ọmọ rẹ̀ gẹṣin dé, ó ní Maren, ṣí géètì;
Géètì ṣí, ẹnu ò ṣí.
Ẹfun orí kì í purọ́, Else,
Dìde, ilẹ̀ ti mọ́.”

Ó tú u fún un ní òyìnbó, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Mama Else kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, “Padà síbi Maren.” Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láràárọ̀. Bí Akínlóyè bá fẹ́ yára kọjá ibẹ̀, yóò gbé ọwọ́ sókè láti orí ibùsùn bí olùkọ́ tó ń dá ọmọ ilé-ìwé dúró.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé àádọ́rùn-ún ọdún, ó ní, “Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wàá kì mí níwájú wọn. Gbogbo rẹ̀. Má fo nǹkan kan.”

“Ní Yorùbá?”

“Ní Yorùbá, bí o ṣe máa ń ṣe é.” Ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ọmọdé tó fi súìtì pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Akínlóyè rí ẹ̀rín náà. Kò tú u.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Rasheed, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń gbé ní Hulme, bá a níwájú kọ̀ǹpútà níbi tó ti ń tẹ oríkì náà ní òyìnbó.

“Lóyè, care worker ni wọ́n kọ sára físà ẹ o. Wọn ò kọ akígbe ọba.”

“Àlejò mẹ́wàá ló ń bọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn. Ṣé kí n kàn máa kọ létí wọn bí àkùkọ ni?”

“Ìyá yẹn ló ní kó o tú u?”

“Kò ní kí n má tú u.”

Rasheed mi orí. “Tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi jẹ́ ẹ. Ìwọ, iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán ẹ, o fẹ́ lọ fi ti lọ́yà jẹ́ ẹ.”

“Jẹ́ n gbọ́ràn, jàre.”

Ó tẹ ẹ̀dà mẹ́wàá. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nílé, bí èèyàn bá kì ẹnì kan tó sì fo ibi tí onítọ̀hún ti ṣubú, àwọn àgbà á ní kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó dá a lójú pé bí wọ́n bá dé ibi Maren, wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ìyá náà ṣe rẹ́rìn-ín iṣu, ẹnì kan á sì gbé ife sókè fún obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò gbé ife fún rí.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n gbé kéèkì sórí tábìlì, wọ́n gún àsíá Denmark kéékèèké sára rẹ̀. Ulrik ti dé, ọkùnrin gíga tó máa ń ki ọwọ́ kan bọ àpò. Henrik ń bu wáìnì. Mama Else jókòó sórí àga ńlá nínú aṣọ búlúù tí Akínlóyè bá a de bọ́tìnnì rẹ̀ láàárọ̀.

Akínlóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn àlejò hó, wọ́n yọ fóònù. Ó dìde sórí orúnkún, ó sì kì í, ohùn rẹ̀ gba inú ilé kan. Nígbà tó dé ibi Maren, ìyá náà pa ojú dé, ètè rẹ̀ ń bá a lọ ní ìlà-ìlà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ní òun ò gbọ́ nǹkan tó dùn tó yẹn rí. Ibẹ̀ ni ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n Akínlóyè nawọ́ sẹ́yìn àga, ó mú àwọn ìwé náà, ó sì pín wọn.

Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kà á. Ilé funfun, wọ́n rẹ́rìn-ín. Irinwó ọdún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ìlà kẹrin, ẹ̀rín gbẹ.

“Ta ni Maren?” Ulrik ló bèèrè, jẹ́jẹ́.

Ọwọ́ Henrik gòkè lọ síwájú orí, ó pa irun ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. “Mama, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ èyí fún un?”

Akínlóyè náà yíjú sí i. Ó ń retí ẹ̀rín tó máa ń mú ikọ́ dání. Mama Else ń wo kéèkì. Ó nawọ́, ó tún àsíá kan tó ti tẹ̀ ṣe.

“Lóyè fẹ́ràn àdììtú,” ó ní. “Ó máa ń dá nǹkan rò. Èmi ò mọ Maren kankan.”

Akínlóyè ṣì wà lórí orúnkún. Henrik gba ìwé náà lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn pọ̀, ó fi wọ́n sínú àpò kóòtù. Ó ní kí Akínlóyè máa lọ, òun yóò pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé tó mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Nítorí náà, Akínlóyè ló mú un lọ, nísàlẹ̀ àwòrán àwọn Gyldenbro.

“Yorùbá ni mo ní kí o fi kì mí,” ó ní, láìwo ojú rẹ̀. “Kí wọ́n gbọ́ ọ, kí ó má yé wọn.”

Ìgbà náà ni ẹ̀rín ọjọ́ yẹn wá tú. Òun tó rí ìdì irun lórí òkú, kò rí ẹ̀rù lójú alààyè.

Lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí Fúnlọ́lá pè é sí ọ́fíìsì. Ọmọ Ìbàdàn ni, ogún ọdún rẹ̀ nìyí ní Manchester, òun sì ni ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ fún wọn.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Káàárọ̀ wo? Jókòó. Care plan la fún ẹ, Akínlóyè. Wẹ ìyá, fún ìyá lóògùn, fún ìyá lóúnjẹ. Níbo lo ti rí family tree níbẹ̀?”

“Mama fúnra wọn ló ní kí n kì àwọn, mà.”

“Wọ́n ní àwọn ò sọ ọ́. Ọmọ wọn sì ní bí òun ò bá rí ìwé gbà lọ́wọ́ ẹ, lọ́yà lòun máa rán wá.” Ó ti pépà kan sí i. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: pé òun Akínlóyè ló fi orí ara òun hun ìtàn Maren, àti pé kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. “Fọwọ́ sí i, mo máa gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Chorlton-on-Medlock, sponsorship ẹ ò ní já. Tó ò bá fọwọ́ sí i, màá kọ̀wé sí Home Office tó fún ẹ ní físà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.”

“Àǹtí, òótọ́ ni. Irun yẹn wà nínú fọ́tò, mo lè fi hàn yín—”

“Mo mọ̀ pé òótọ́ ni.” Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ṣé torí irọ́ lèèyàn ṣe ń gba lọ́yà? Ọmọ mi, èmi náà ti fọwọ́ sí tèmi rí nílùú yìí. Bírò rèé.”

Nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè kejì, Akínlóyè ti kọ odidi orí kan lórí irú ìwé báyìí, ìwé tí ọ̀gá kọ tí ìránṣẹ́ fọwọ́ sí. Ó ní òpìtàn tó bá gba irú rẹ̀ gbọ́ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n yìn ín fún un. Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí i. Kò tilẹ̀ tún un kà, ìyẹn ló dùn ún jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Patience, ọmọbìnrin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní Crumpsall, pè é lórí fóònù.

“Lóyè, abeg, who be Maren? Every morning Mama no go gree stand up. She say make I stand for door talk Maren.”

Akínlóyè gbé fóònù sí etí kejì.

“I no know am,” ó ní.

Fọ́tò kún ara ògiri bàbá tó ń tọ́jú báyìí ní Chorlton-on-Medlock. Bó bá ń dúró dè é lẹ́nu ilé ìwẹ̀, ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó wà ní ibùdókọ̀ ní Oxford Road nígbà tí ìpè ìyá rẹ̀ wọlé láti Ìrágbìjí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

“Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì.”

“Àlàó! Ohùn ẹ ò dún dáadáa. Oorun ṣì wà lójú ẹ ni? Jẹ́ n jí ẹ.” Ó sì bẹ̀rẹ̀, láti orí ẹni tó tẹ agboolé dó, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Akínlóyè mọ ibi tó ń lọ. Ó rí ọkùnrin náà lójú ọ̀nà oko, iṣu lórí, omijé lójú, tó ń jẹ́ ilé ńkọ́, tó ń jẹ́ ewúrẹ́ ńkọ́. Gbogbo ìgbà ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Lónìí, orí òun gan-an ló ń jó. Manchester kò sì ní oòrùn tí èèyàn lè purọ́ mọ́.

“Ọmọ agbé-iṣu-gbóná—”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fo ibẹ̀ yẹn.”

“Ibo?”

“Ibi iṣu.”

 Akínlóyè gbọ́ àkùkọ kan tó ń kọ lẹ́yìn ilé wọn.

“Àlàó, kí ni wọ́n ṣe fún ẹ níbẹ̀?” ìyá rẹ̀ bèèrè. “Bí mo bá fo bàbá yẹn, ọmọ ta ni mo wá ń kì?”

Akínlóyè ní bọ́ọ̀sì òun ti dé, òun yóò pè wọ́n padà. Ó fi fóònù sápò, ó wo ojú títì. Bọ́ọ̀sì kankan kò tíì dé.